Ilẹ̀kùn Kẹfà

Mo mọ̀ pé àwọn ẹlẹgbẹ́ mi kan yóò bi mí pé kí ló kan akẹ́kọ̀ọ́ èdè Yorùbá nínú ọ̀rọ̀ páànù àti amọ̀. Ẹ ṣe sùúrù fún mi.

Ní oṣù Kẹrin ọdún 2024 ni ìdílé wa fẹnu kò láti wó ilé bàbá bàbá mi ní abà kan lẹ́yìn Lálúpọn, ní ìjọba ìbílẹ̀ Lágelú, kí a sì fi ohun tó bá ṣì wúlò nínú rẹ̀ kọ́ òmíràn tó kéré jù ú lọ. Owó kòkó ni bàbá fi kọ́ ọ ṣáájú òmìnira 1960: ògiri amọ̀, òrùlé páànù, òpó ìrókò, ilẹ̀kùn igi apá tí ikán kò lè rí jẹ. Ìyàwó mẹ́ta ni bàbá fẹ́, ìdí igi mẹ́ta ni a sì pín ogún rẹ̀ sí. Ohun tó bá jáde láti yàrá ìyá kọ̀ọ̀kan, ti àwọn ọmọ rẹ̀ ni. Ìdí nìyí tí wọ́n fi ní kí èmi tí mo wà ní yunifásítì wá máa kọ ọ́ sílẹ̀.

Mo ra ìwé, mo ra ẹfun ìkọ̀wé. Bí káfíńtà ṣe ń yọ páànù ni mò ń kọ nọ́ńbà sí i lára. Páànù 64, fèrèsé 8, ilẹ̀kùn 5. Mo ń ṣe bí ọ̀gá. Lóru ọjọ́ náà ni òjò àkọ́rọ̀ rọ̀. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, gbogbo páànù tí a tò síta ti dà bí ọmọ ìyá kan náà. Kò sí nọ́ńbà lára ìkankan. Ojú tì mí. Àwọn àgbà ilé sì ti ń wo ara wọn ní ìwòkuwò.

Ìyá Àgbà, ìyàwó kékeré, nìkan ló ṣẹ́ kù nínú àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Ó ti lé ní 80 ọdún, kò sì fi ẹsẹ̀ kan tẹ ilé ìwé rí. Ó gbé àpótí rẹ̀ síta, ó jókòó. "Ọkọ mi, máa gbé wọn wá níkọ̀ọ̀kan."

"Èyí tí abẹ́ rẹ̀ dúdú yìí, orí ìdáná ló wà. Èyí tó tẹ̀ yìí, ẹ̀ka igi obì ló já lù ú, yàrá ìyálé mi ni. Èyí tí ihò ìṣó rẹ̀ pọ̀ báyìí, kì í ṣe ilé yìí ló kọ́kọ́ bò. Orí ilé bàbá ọkọ mi ló ti ṣí wá."

Bẹ́ẹ̀ ló ṣe títí oòrùn fi kan àtàrí, kò sì sí ẹni tó já a níyàn. Mo tún nọ́ńbà kọ. Lọ́tẹ̀ yìí, ọ̀dà ni mo lò.

Ní ilẹ̀ Netherlands, láti 2017, ilé-iṣẹ́ kan tí ń jẹ́ Madaster ti ń ṣe àkọsílẹ̀ ohun tí a fi kọ́ ilé sórí kọ̀ǹpútà, kí ẹni tí yóò wó o lọ́jọ́ iwájú lè mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ àti ibi tó tún lè wúlò. Ìwé ìrìnnà ni wọ́n ń pe àkọsílẹ̀ náà, àfi bí ẹni pé páànù fẹ́ wọ ọkọ̀ òfuurufú. Inú orí ni Ìyá Àgbà ń tọ́jú tirẹ̀ sí. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù ni pé kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn.

Amọ̀ kò fún wa ní wàhálà. A kó àlàpà jọ, a bu omi sí i, a tẹ̀ ẹ́, ó tún di amọ̀ tuntun. Àfi ògiri iwájú, tí wọ́n fi sìmẹ́ńtì rẹ́ nígbà tí ojú là. Ooru tó tó 1,450 lórí òṣùwọ̀n Celsius ni a fi ń sun òkúta tí a fi ń ṣe sìmẹ́ńtì, iṣẹ́ náà ló sì ń tú bí 8 nínú 100 èéfín kábọ́ọ̀nù tí ọmọ aráyé ń rán sójú ọ̀run. Bí ó bá sì ti gbẹ tán, kò sí ẹsẹ̀ tó lè tẹ̀ ẹ́ padà. Kòtò ojú ọ̀nà ni a fi dí.

Ilẹ̀kùn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ dá ìjà sílẹ̀. Yàrá 6 ni ilé náà ní, méjìméjì fún ìyàwó kọ̀ọ̀kan, ilẹ̀kùn 5 ni a sì rí. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, aṣọ ni wọ́n ta sí ẹnu ọ̀nà yàrá kan tó jẹ́ ti ìyàwó kejì. Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan, ọmọ ìyá náà, ní àwa ìdí igi Ìyá Àgbà ni a tà á jẹ.

Ìyá Àgbà mi orí. "A kò tà á. Èjíòkú ló wà. Òun ni wọ́n fi gbé aboyún kan tó ń rọbí jáde lóru, kò sí mọ́tò. Ẹ wo igun rẹ̀ nísàlẹ̀, ọkọ mi fi ọ̀bẹ fa ilà méjì sí i. Ti ìyálé àgbà jẹ́ ọ̀kan, tèmi jẹ́ mẹ́ta."

Mo sáré lọ wo àwọn tó wà nílẹ̀. Ilà wà lára wọn lóòótọ́, níbi tí mo ti fi ẹfun kọ nọ́ńbà sí gan-an, n kò sì rí i.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi tó ń bínú náà ló gbé mi sẹ́yìn ọ̀kadà dé Èjíòkú. A bá ilẹ̀kùn náà ní ẹnu ọ̀nà yàrá ìyá arúgbó kan. Ilà méjì wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ìyá náà fọwọ́ pa á lára. "Orí rẹ̀ ni mo bí àkọ́bí mi sí, ká tó dé ojú títì. Ṣé ẹ wá gbé e lọ ni?"

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi wo ilẹ̀kùn, ó wo ilẹ̀. Ó ní a kàn wá kí wọn ni.

Nígbà tí a padà dé ìdí ọ̀kadà, ó ní kí n mú ìwé mi jáde. Mo kọ ọ́ báyìí: "Ilẹ̀kùn 6. Igi apá, ilà méjì. Ó wà ní Èjíòkú. Ó ṣì ń ṣí, ó ṣì ń tì."