Mítà Mélòó Ni Wáyà Sípíkà Màmá?

Ọ̀pọ̀ wa máa ń ná gbogbo owó sórí sípíkà, a ó wá fi ṣẹ́ńjì ra wáyà. Nígbà tí àwa mẹ́ta tí a jọ ń kẹ́kọ̀ọ́ ní Ifẹ̀ fẹ́ to ẹ̀rọ orin fún ìyá ọ̀kan nínú wa ní Ìbàdàn, wáyà la kọ́kọ́ rò. Ọ̀pá ni Màmá fi ń rìn. Etí ẹní ti gbé wọn ṣubú rí, a ò sì fẹ́ kí wáyà tiwa ṣe é lẹ́ẹ̀kejì.

Sípíkà kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ amplifier. Màmá fẹ́ ìkejì lábẹ́ fèrèsé, ní òdìkejì ẹnu ọ̀nà. Bí a bá na wáyà tààrà, mítà 3.5 péré ni, ṣùgbọ́n ojú ọ̀nà tí Màmá ń gbà lọ ilé ìdáná ni yóò gbà kọjá. A mú okùn, a fi tọ ara ògiri: mítà 1.5 dé férémù ilẹ̀kùn, 2 sókè, 1 kọjá lórí ilẹ̀kùn, 2 wálẹ̀, 2.5 dé ẹ̀yìn sípíkà. Ó di 9. A fi ẹyọ kan kún un, kí ẹni tó ń gbálẹ̀ lè fa sípíkà síwájú láìjẹ́ pé wáyà yọ. Ẹ má fi ojú lásán wọ̀n ọ́n o! Wáyà tó gùn ṣeé gé, èyí tó kúrú kò ṣeé fà, bí a bá sì so ó mọ́ òmíràn, ojú ìsopọ̀ yẹn ni wàhálà máa ń gbà wọlé.

Bí wáyà bá ṣe ń gùn sí i ni ìdènà rẹ̀ ń pọ̀ sí i. Bó bá ṣe nípọn tó ni ìdènà ń dínkù. Iná ń lọ, ó sì ń bọ̀, nítorí náà wáyà mítà 10 jẹ́ mítà 20 lójú iná. Ní gígùn yẹn, wáyà bàbà 0.5 mm² ní ìdènà bí 0.69 ohm, ti 1.5 mm² sì ní bí 0.23. 8 ohm ni wọ́n kọ sẹ́yìn sípíkà Màmá. Òdiwọ̀n tí ọ̀pọ̀ ń tẹ̀lé ni pé kí ìdènà wáyà má kọjá ìdá 5 nínú 100 ti sípíkà, ìyẹn 0.4 ohm níbí. Èyí tó tín-ín-rín kò yege. Ká ní sípíkà 4 ohm ni, 2.5 mm² la ò bá rà.

Ní Ògùnpa, ọ̀gá kan gbé wáyà tó sanra kalẹ̀, owó rẹ̀ kò sì wọ́n. A tọrọ àyè, a fi ọ̀bẹ ha á: funfun ni inú rẹ̀. Alumíníọ́mù tí wọ́n fi bàbà bò ni, ìdènà rẹ̀ sì ju ti bàbà gidi lọ dáadáa. Ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín, wọ́n gbé òmíràn jáde, wọ́n wá ní, “Ẹ̀yin ọmọ yunifásítì, méjèèjì gbọ́dọ̀ gùn dọ́gba o, kí ohùn kan má baà ṣáájú èkejì.” Èyí dá àríyànjiyàn sílẹ̀ láàárín wa. Mítà 2 tó fún sípíkà ẹ̀gbẹ́ amplifier. Mítà 8 tó fi yàtọ̀ sí ìkejì kò lè dá iná dúró tó ìdá kan nínú mílíọ̀nù 10 ìṣẹ́jú-àáyá. Ohùn fúnra rẹ̀, bíi mítà 343 ló ń rìn nínú afẹ́fẹ́ ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Kí Màmá sún àga díẹ̀ ti jù ú lọ fíìfíì. A ra mítà 12 dípò 20, a fi owó tó ṣẹ́kù ra kílíìpù tí wọ́n fi ń kan wáyà mọ́ ògiri.

Màmá fi ọ̀pá gbá ilẹ̀ ẹnu ọ̀nà lẹ́ẹ̀mejì, wọ́n wo òkè férémù, wọ́n ní, “Aláǹgbá nìkan ló kù tí yóò fẹsẹ̀ kọ ọ́.” Wọ́n ní ká fi kásẹ́ẹ̀tì Haruna Ishola sí i.

Wáyà kékeré tó ti ẹ̀rọ kásẹ́ẹ̀tì wọ inú amplifier ní òfin tirẹ̀. Ohun tó ń gbé kò lágbára, wáyà iná sì lè kó ariwo “hùùù” ràn án. Mítà kan la fi mọ, a sì yà á kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ wáyà iná. Pupa sí pupa, dúdú sí dúdú ni ti sípíkà. Bí ẹ bá to tiyín tí ohùn ìlù ńlá kò rinlẹ̀, ẹ kọ́kọ́ yẹ ìyẹn wò kí ẹ tó gbé sípíkà lọ sọ́dọ̀ alátùn-únṣe.