Ọmọ Tí Mo Nà Ní Orúkọ Ìwé Mímọ́

Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ lónìí kò bu iyì kún mi, ṣùgbọ́n bí mo bá gbé e mì, kò ní jẹ́ kí n sùn.

Tíṣà ni mí, ọmọ ọdún mẹ́rìnlélọ́gbọ̀n. Alàgbà ìjọ ni bàbá mi. Nínú Ìwé Òwe, orí 13, ẹsẹ 24, níbi tí ọ̀rọ̀ ọ̀pá àti ọmọ wà, ni bàbá mi máa ń kà sí wa létí kí ó tó nà wá. Nígbà tí mo jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì àwọn olùkọ́, ẹsẹ yìí àti pàṣán ni mo gbé lọ sí abúlé tí wọ́n rán mi lọ. Ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n kọ́ wa pé kí olùkọ́ wádìí ọ̀rọ̀ ọmọ kí ó tó bá a wí. Mo kọ ìyẹn sínú ìwé ìdánwò, mo sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀.

Ọmọkùnrin kan wà ní kíláàsì karùn-ún tí mo ń kọ́, kì í tètè dé. Agogo á ti lù, a ó ti kọrin, a ó ti gbàdúrà tán, kí ó tó yọ. Mo bá a wí, kò gbọ́. Mo ní kí ó kúnlẹ̀, bákan náà ni. Ní Ọjọ́ Ìṣẹ́gun kan, a ti parí ìṣirò kí ó tó dé. Bí mo ti gbé pàṣán sókè, nǹkan kan wí fún mi nínú pé, “Bi í léèrè ná.” N kò lè purọ́ pé n kò gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n mo ka ẹsẹ bàbá mi sókè ketekete, kí gbogbo kíláàsì lè gbọ́, kí èmi náà má baà gbọ́ ti inú mi mọ́. Mo nà án ní mẹ́fà. Kò sunkún.

Ní ọjọ́ kẹta, ìyá arúgbó kan tilẹ̀ wọ ọgbà ilé-ẹ̀kọ́ wa. Ojú rẹ̀ ti fọ́. Ọmọdébìnrin kan ni ó ń fà á lọ́wọ́. Ìyá-ìyá ọmọ náà ni. Àyà mi já, mo rò pé ẹjọ́ ni ó bá wá. Mo dọ̀bálẹ̀. Ó na abọ́ kékeré kan sí mi, ẹyin adìẹ mẹ́rin ni ó wà nínú rẹ̀.

Ó ní, “Tíṣà, ẹ ṣeun tí ẹ ń kọ́ ọmọ mi. Ìyá rẹ̀ ti kú. Òun ni ó ń pọn omi, òun ni ó ń ro ògì fún mi kí ó tó máa bọ̀. Ẹ máa bá mi fojú tó o. Ó ní òun ṣubú lọ́nà odò. Mo fọwọ́ kan ẹ̀yìn rẹ̀, ó wú.”

Ọmọ náà ti purọ́ láti bo àṣírí mi! Ilẹ̀ kò lanu kí n wọlé. Mo sọ òtítọ́ fún ìyá pé èmi ni mo nà án. Ó dákẹ́ pẹ́. Ó wá ní, “Tíṣà, ẹ ò bi í léèrè?” Kò sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Láìpẹ́ sí ìgbà náà ni mo ka ìwé tí Frederick Douglass, tí ó sá kúrò lóko ẹrú ní Amẹ́ríkà, kọ ní 1845 nípa ìgbésí ayé ara rẹ̀. Ó ní ọ̀gá òun, Thomas Auld, di onígbàgbọ́ ní Maryland ní 1832, ṣùgbọ́n ìkà rẹ̀ ń pọ̀ sí i ni. Ọ̀gá yìí a máa de ọ̀dọ́mọbìnrin aláàbọ̀ ara kan, a nà án títí ẹ̀jẹ̀ yóò fi jáde, a sì fi ẹsẹ Bíbélì gbe ara rẹ̀ níjà. Mo pa ìwé náà dé. Mo ti rí ara mi nínú rẹ̀.

Bẹ́ẹ̀ sì ni Bíbélì kan náà ni ó wà lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tí wọ́n jà títí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì fi fòfin de òwò ẹrú ní 1807. Ọpẹ́lọpẹ́ òfin náà ni Àjàyí Crowther, ọmọ Òṣogùn tí wọ́n kó lẹ́rú ní 1821, fi bọ́ nínú ọkọ̀ ẹrú ní 1822, tí òun náà sì wá ṣe iṣẹ́ ńlá nínú títúmọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Ìwé kan náà ni: aláàánú rí ìtúsílẹ̀ níbẹ̀, ìkà rí pàṣán. Ohun tí a bá gbé lọ́kàn lọ síbi ìwé ni a sábà máa ń bá bọ̀.

Mo sọ èyí fún pásítọ̀ wa. Ó ní, “Tíṣà, bí olúkúlùkù bá ń tẹ̀lé ọkàn rẹ̀, ṣé olè kò ní ọkàn ni?” Ọ̀rọ̀ gidi ni. Ó gbà mí tó ọ̀sẹ̀ mélòó kan kí n tó rí èsì. Ohùn tí ó ní kí olè jalè, èrè olè ni ó ń wá. Ohùn tí ó ní kí n béèrè lọ́wọ́ ọmọ yẹn kò mú èrè kankan wá fún mi. Ìbínú mi ni ó fẹ́ gbà lọ́wọ́ mi, àti ògo mi lójú kíláàsì. Ohun tí mo fi ń mọ ìyàtọ̀ nìyẹn. Pásítọ̀ rẹ́rìn-ín, ó ní òun kò tíì gbà. A ṣì ń jiyàn rẹ̀.

N kò ju Bíbélì mi nù. Àràárọ̀ ni mo ń kà á. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ kan bá ní kí n ṣe ọmọ ọlọ́mọ léṣe, tí àánú inú mi sì ní kí n dúró, èmi yóò dúró. Àwọn baba wa sọ pé bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Èmi lo ọ̀tún, mo gbàgbé òsì.

Mo bá ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ sọ̀rọ̀, ó sì gbà kí ọmọ náà máa wọlé ní agogo mẹ́sàn-án. Èmi a máa kọ́ ọ ní ìṣirò tí ó bá pàdánù nígbà tí àwọn yòókù bá lọ. Ní ọjọ́ tí a bẹ̀rẹ̀, mo bẹ̀ ẹ́. Ó wo ilẹ̀, ó ní, “Ẹ má bínú, sà.”

Ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin tíṣà ẹlẹgbẹ́ mi, kí ẹ tó gbé ọwọ́ sókè, ẹ bi í léèrè ná.