Àmì Ohùn àti Iṣẹ́ Oṣù Mẹ́ta

Àwọn ọ̀dọ́ márùn-ún kan ní Yábàá, ní Èkó, tí wọ́n ń ṣe ètò tí a óò máa fi tẹ Yorùbá sórí fóònù, pè mí síbi tí wọ́n ti ń pín iṣẹ́ oṣù mẹ́ta tí ń bọ̀. Wọ́n kọ iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan sí ìwé pélébé, wọ́n lẹ̀ wọ́n mọ́ ògiri. Mo wá àmì ohùn títí, n kò rí i. Àṣé wọ́n ti sún un síwájú.

Inú bí mi. Mo bi wọ́n pé báwo ni òǹkàwé yóò ṣe mọ ọkọ yàtọ̀ sí ọkọ́ àti ọkọ̀. Ọmọbìnrin tí ó jẹ́ olórí wọn kúnlẹ̀ kí ó tó fèsì:

"Ẹ má bínú, sà. Nínú Unicode, ẹ ní nọ́ńbà tirẹ̀, ẹ́ kò ní. Méjì ni a ó so pọ̀. Bí ènìyàn bá fẹ́ pa á rẹ́, nígbà mìíràn àmì orí nìkan ni yóò lọ. Àtúnṣe rẹ̀ yóò gba ọ̀sẹ̀ márùn-ún nínú mẹ́tàlá tí a ní. Èwo ni kí a yọ?"

N kò lè fèsì. Àárò ni ó sọ sí mi lọ́kàn. Àwa tí à ń kọ̀wé nípa rẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ àríyànjiyàn tí ó máa ń ṣáájú rẹ̀: oko ta ni a óò kọ́kọ́ ro, ta ni yóò gbẹ́yìn nígbà tí koríko ti ga? Oko tèmi nìkan ni mo bá wá.

Mo padà sídìí ògiri. Mo nawọ́ sí àwọ̀ mèremère. Ó ní olówó wọn ni ó béèrè fún ìyẹn. Nígbẹ̀yìn, àbá ọ̀rọ̀ ni a yọ, èyí tí ìbá gba ìka àgbà bíi tèmi lọ́wọ́ títẹ̀ púpọ̀. Ó ṣí ìwé náà kúrò lára ògiri, ó fi lé mi lọ́wọ́.