Òwú Òkè Ló Ń Ta Kókó Nísàlẹ̀

Ẹni tó bá ń fi ẹ̀rọ rán kuílítì nílé, ìyẹn aṣọ ìbora onípele mẹ́ta tí òwú rírọ̀ wà láàárín rẹ̀, mọ ìyọnu mẹ́ta tí kì í tán: òwú ń já, ẹ̀rọ ń fo ìrán, òwú sì ń ta kókó lábẹ́ aṣọ níbi tí ojú kò tó. Ẹ̀rọ la máa ń kọ́kọ́ bínú sí. A ó yí tẹ́ńṣọ̀n, ìyẹn ohun tó ń fún òwú, síhìn-ín sọ́hùn-ún, a ó tú kéèsì bọ́bìn, a ó ránṣẹ́ pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe. Èmi tí iṣẹ́ yìí jẹ́ iṣẹ́ òòjọ́ mi gbà pé abẹ́rẹ́ àti òwú òkè ló yẹ ká kọ́kọ́ yẹ̀ wò, nítorí ìtàn ẹ̀rọ ìránṣọ fúnra rẹ̀ fi hàn pé orí àwọn méjèèjì yìí ni gbogbo ọgbọ́n rẹ̀ dúró lé.

Abẹ́rẹ́ tí a fi ń rán aṣọ lọ́wọ́ ní ihò ní ìdí, ó sì ń gba inú aṣọ kọjá tòun tòwú. Ẹ̀rọ tí Barthélemy Thimonnier gba ìwé àṣẹ fún ní ilẹ̀ Faransé ní 1830 ń fi òwú kan ṣoṣo hun ẹ̀wọ̀n. Bí òwú náà bá já níbì kan, ìrán náà lè tú lọ rẹrẹ. Walter Hunt ní New York, ní nǹkan bí 1833, ló gbé ihò wá sí ẹnu abẹ́rẹ́, tó sì fi òwú kejì sísàlẹ̀, àmọ́ kò gba ìwé àṣẹ. Elias Howe gba tirẹ̀ ní 1846, Isaac Singer ní 1851. Abẹ́rẹ́ irú ẹ̀rọ yìí kì í gba inú aṣọ kọjá tán bíi ti ọwọ́. Ó ń sọ̀ kalẹ̀ dé ìsàlẹ̀, bó bá sì ti gòkè padà ní nǹkan bíi mìlímítà méjì, òwú á ṣẹ́ òrùka kékeré kan sẹ́yìn rẹ̀, ìkọ́ á gbá òrùka náà mú, á sì fà á yí bọ́bìn tí òwú ìsàlẹ̀ wà lára rẹ̀ ká. Bí òrùka yẹn kò bá là, ìkọ́ kò rí nǹkan mú, ẹ̀rọ á fò. Abẹ́rẹ́ tó tẹ̀, tó kú, tàbí tí a kò tì wọlé dópin kì í ṣẹ́ òrùka tó tọ́. Ìdí nìyí tí abẹ́rẹ́ tuntun fi máa ń wo àìsàn tí a ti ń retí pé yóò ná wa lówó gọbọi.

Òwú náà ní ìtàn tirẹ̀. Òwú onífọ́nrán mẹ́ta tó tó iṣẹ́ ọwọ́ kò dọ́gba tó fún ẹ̀rọ. Nígbà tó di àwọn ọdún 1860, ìdílé Clark tó ti Paisley ní Scotland wá ń ta òwú onífọ́nrán mẹ́fà ní Amẹ́ríkà nítorí ẹ̀rọ ìránṣọ. Ohun tó fà á ni pé ibi kan náà lára òwú ń lọ, ó ń bọ̀ nínú ihò abẹ́rẹ́ lọ́pọ̀ ìgbà kó tó di ìrán. Nítorí náà, bí òwú bá ń ya, tó ń hu irun, tó sì ń já, kì í ṣe òwú tó nípọn jù ú lọ ló kàn. Ọ̀pọ̀ aránṣọ ló gbà pé òun ló kàn, wọ́n á ki òwú ńlá bọ abẹ́rẹ́ kékeré, ọ̀rọ̀ á sì burú sí i. Ilà gígùn kan wà níwájú abẹ́rẹ́ tí òwú ń sá sí nígbà tí abẹ́rẹ́ bá ń gún aṣọ. Òwú tí kò bá gba inú ilà yẹn, aṣọ ni yóò máa fá a. Abẹ́rẹ́ 80 fẹ̀ tó ìdá mẹ́jọ nínú mẹ́wàá mìlímítà. Fún ìpele mẹ́ta, 90 ni mo fara mọ́, 100 sì ni bí òwú bá nípọn.

Kókó abẹ́ aṣọ ló ń tan èèyàn jù lọ. Nítorí pé ìsàlẹ̀ ló ti ń hàn, bọ́bìn la máa ń dá lẹ́bi, ṣùgbọ́n òwú òkè tí kò sí ohun tó dì í mú ló ya lulẹ̀. Àwo irin kékeré méjì ló ń fún òwú òkè láàárín, wọn kì í sì í pàdé àfi nígbà tí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ bá wà nílẹ̀. Ẹni tó bá fi òwú sẹ́rọ nígbà tí ẹsẹ̀ wà nílẹ̀, orí àwọn àwo náà ni òwú rẹ̀ máa gùn, kò ní wọ àárín wọn. Bákan náà ni ẹni tó bá gbàgbé láti sọ ẹsẹ̀ kalẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀ ìrán. Èyí sì rọrùn láti gbàgbé nínú kuílítì tí a ń fọwọ́ darí, torí pé ẹsẹ̀ tí a ń lò fún un kì í tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ dáadáa. Ẹ gbé ẹsẹ̀ sókè, ẹ yọ òwú kúrò pátápátá, ẹ fi í padà. Ẹ lo àwọ̀ kan lókè, òmíràn nísàlẹ̀: bí àwọ̀ òkè bá ń hàn lábẹ́, òwú òkè ló dẹ̀, bí ti bọ́bìn bá yọjú lókè, òwú òkè ló le jù.

Àwọn kan á ní ìyọnu wọ̀nyí fi hàn pé iṣẹ́ ọwọ́ ni kuílítì, kò yẹ fún ẹ̀rọ. Harriet Powers, tí wọ́n bí sóko ẹrú ní Georgia ní 1837, lo ọwọ́ lo ẹ̀rọ fún kuílítì Bíbélì rẹ̀ tó wà ní ilé ìṣẹ̀ǹbáyé Smithsonian lónìí. Ní 1989, kuílítì tí Caryl Bryer Fallert fi ẹ̀rọ rán gba ipò kìíní níbi ìpàtẹ kuílítì ńlá ní Paducah, ní Kentucky, àríyànjiyàn sì pọ̀ lórí rẹ̀. Ohun tí mo gbà nínú àtakò náà ni pé ìpele mẹ́ta ń dá ìṣòro tirẹ̀ sílẹ̀. Aṣọ tí ẹsẹ̀ ẹ̀rọ kò tẹ̀ máa ń gbéra tẹ̀lé abẹ́rẹ́, òrùka òwú kò sì ní là. Ọwọ́ tó ń fa aṣọ lójijì náà máa ń tẹ abẹ́rẹ́. Télọ̀ wa tó ń rán fìlà abetí ajá lé gọ́ọ̀mù-sítéè mọ bí abẹ́rẹ́ ṣe ń tẹ̀ nínú aṣọ líle. Kí ọwọ́ rọra ni oògùn rẹ̀, kí ìka sì tẹ aṣọ mọ́lẹ̀ nítòsí abẹ́rẹ́, láì dé abẹ́ rẹ̀.

Àtakò tó lágbára jù ni pé wọn kò dédé fi tẹ́ńṣọ̀n sára ẹ̀rọ, yíyí ni wọ́n ní ká máa yí i. Òótọ́ ni, pàápàá nínú kuílítì, nítorí inú ìpele àárín ló yẹ kí òwú méjèèjì ti kọ́ra, ìnípọn ìpele yẹn sì máa ń yàtọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá yí i kó tó pààrọ̀ abẹ́rẹ́, kó sì tó tún òwú fi, ń fi àṣìṣe kejì bo ti àkọ́kọ́ mọ́lẹ̀, kò sì ní mọ èyí tó ń bá jà mọ́. Ti òkè ni kí ẹ yí, díẹ̀díẹ̀, lórí àkísà onípele mẹ́ta irú èyí tí ẹ fẹ́ rán. Ìdè kékeré ara kéèsì bọ́bìn ló gbẹ̀yìn, kí ó má sì ju ìdá mẹ́rin ìyípo kan lọ. Ìkọ́ lè kúrò láyè rẹ̀ lóòótọ́, pàápàá bí abẹ́rẹ́ bá ti kọlu irin. Ẹ fi abẹ́rẹ́ tuntun rán aṣọ òwú lásán ìpele méjì. Bí ẹ̀rọ bá ṣì ń fo lórí ìyẹn, ó tó àkókò láti pe ẹni tó ń tún un ṣe.