Afẹ́fẹ́ nínú Sítóòfù Tí Kò Ní Fáànù

Àwa tí a ń ṣe sítóòfù oníhóró-igi ní Amẹ́ríkà máa ń sọ ìtàn iṣẹ́ wa bí ìtàn ẹ̀rọ. Epo rọ̀bì di ọ̀wọ́n ní 1973, àwọn èèyàn wá ń wá ohun mìíràn tí wọ́n máa fi yáná. Ẹ̀rún pákó tí àwọn sọ́mìlì ń dà nù di hóró wẹ́wẹ́ tí a ń tẹ̀ mọ́ra. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980, Jerry Whitfield, ẹnjiníà tó ti ṣiṣẹ́ ní Boeing, ṣe sítóòfù tí irin oníṣíkúrù ń gbé hóró wọlé, tí fáànù sì ń fẹ́ ẹ. Lójú tèmi, afẹ́fẹ́ ni kókó ìtàn náà, sítóòfù tí kò lo iná mànàmáná rárá ló sì fi í hàn jù. Nínú irú èyí, hóró ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀ láti inú àpótí òkè. Bí tìsàlẹ̀ kò bá jóná, tòkè kò lè sọ̀kalẹ̀. Ẹni tó bá ti ń darí afẹ́fẹ́ ti ń darí igi náà nìyẹn.

Àwọn kan ní kí a kúkú ṣí ẹnu afẹ́fẹ́ gbayawu. Òfin ìjọba àpapọ̀ ti 1988 lórí èéfín sítóòfù igi fẹ́rẹ̀ẹ́ sọ èrò yìí di àṣà, torí ó yọ sítóòfù tí ìwọ̀n afẹ́fẹ́ rẹ̀ bá tó ìlọ́po 35 igi tó ń jó sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, nǹkan bíi kílò afẹ́fẹ́ 6 péré ni kílò igi gbígbẹ kan nílò kó fi jóná tán. Àwọn oníṣẹ́ kan wá ń fi afẹ́fẹ́ kún un kí òfin má baà kàn wọ́n (ọgbọ́n ìwé òfin ni, kì í ṣe ọgbọ́n iná), ooru tí oníbàárà fowó rà sì ń bá ihò èéfín lọ. Òfin 2015 ló tó dí àlàfo yẹn.

Ẹlòmíràn á ní kí a dí ẹnu afẹ́fẹ́ pa kí hóró lè pẹ́. Igi tí kò rí afẹ́fẹ́ tó máa ń di èéfín, èéfín á sì di ọ̀dà lára ihò. Níbi tí kò sí fáànù, ooru inú ihò ló ń fa afẹ́fẹ́ wọlé: bí ihò bá tutù, iná á rẹ̀wẹ̀sì, ihò á tún tutù sí i. Síbẹ̀ ìdérí àpótí hóró ni mo kà sí ewu jù. Bí afẹ́fẹ́ bá ń gba ibẹ̀ wọlé, iná lè gun hóró lọ sókè sínú àpótí, kò sì sí bí a ṣe lè yí ẹnu afẹ́fẹ́ ìsàlẹ̀ tó máa dá a dúró.

Òótọ́ ni pé fáànù ń mú afẹ́fẹ́ dọ́gba, torí lọ́jọ́ tí ìta kò tutù púpọ̀, ìfà ihò máa ń rọ. Ẹni tó fẹ́ ooru kan náà láàárọ̀ àti lálẹ́, sítóòfù tó ń lo iná mànàmáná ni kó rà. Ṣùgbọ́n bí ìjì yìnyín bá gé wáyà, tòun ti fáànù á dákẹ́, àfi tó bá ní bátìrì tàbí jẹnẹrétọ̀. Ti ihò èéfín kò rí bẹ́ẹ̀, bí ìta bá ṣe tutù tó ni ìfà rẹ̀ ṣe ń lágbára tó.