Nígbà Tí Igi Kò Tíì Rúwé

Láti oṣù Kejìlá tí ìyá àgbà kan ti dé Lọ́ńdọ̀nù láti wá tọ́jú ọmọ tuntun, òtútù kò jẹ́ kó jáde. Ojoojúmọ́ ló ń béèrè ọjọ́ tí tíkẹ́ẹ̀tì òun máa pé. Nínú oṣù Kẹta, ọmọ-ọmọ rẹ̀ mú un lọ sí igbó Epping. Òfin ọdún 1878 ni kò jẹ́ kí àwọn onílẹ̀ fi ọgbà yí igbó náà ká. Ọ̀fẹ́ ni wíwọ̀ rẹ̀.

"Ṣé iná ló jó àwọn igi wọ̀nyí?"

"Rárá, Màmá Àgbà. Ẹ wo ẹ̀ka yìí, ó fẹ́ rúwé."

Lábẹ́ igi, celandine, òdòdó wẹ́wẹ́ aláwọ̀ ìyeyè, ti tàn.

"Wọ́n ń sáré ni, Mà. Tí ewé bá bo òkè tán, oòrùn ò ní ráyè dé ọ̀dọ̀ wọn mọ́."

Màmá bẹ̀rẹ̀, ó wò wọ́n pẹ́. Nígbà tí wọ́n délé, kò béèrè tíkẹ́ẹ̀tì. Bàtà tí ẹrẹ̀ kò ní wọ̀ ló ń béèrè.