Ládípọ̀ rèé, níbi tí wọ́n ti ń jí òkú ẹ́ńjìnnì

Ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bá ti ń rú èéfín búlúù, tó jẹ́ pé àràárọ̀ ló ń bu ọ́ìlì sí i, ọ̀nà Ládípọ̀ ni yóò gbà gbẹ̀yìn. Mushin, l'Ékòó, ni ọjà náà wà, lẹ́bàá títì Ọṣódì sí Àpápá. Kéèyàn tóó sọ̀kalẹ̀ tán ní bọ́ọ̀sì-sítọ́ọ̀pù Toyota, àwọn ọmọkùnrin ti yí i ká: "Ọ̀gá mi, kí lẹ ń wá? Ẹ́ńjìnnì ni àbí gíà?" Yorùbá ń tà, Ìgbò ń tà, owó ni èdè tí gbogbo wọn jọ gbọ́.

Ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ni wọ́n tò gègèrè síwájú ṣọ́ọ̀bù, ilẹ̀ ibẹ̀ dúdú bíi kóró iṣin nítorí ọ́ìlì. Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ rà á, wọ́n á gbé bátìrì wá, wọ́n á tàn án nílẹ̀ẹ́lẹ̀. Ibẹ̀ lọ̀pọ̀ èèyàn ti ń jìn sí kòtò. Ẹ́ńjìnnì tí wọ́n ti mú gbóná sílẹ̀ kì í sọ òótọ́. Àtìgbà tó ti tutù ni kéèyàn ti ní kí wọ́n tàn án, kó fetí sí i bóyá ó ń dún kó-kó-kó bí ẹni ń kanlẹ̀kùn. Kó ṣí ìdérí ọ́ìlì: bó bá funfun bí ògì, omi ti wọnú ẹ̀, bí ẹrẹ̀ dúdú bá lẹ̀ mọ́ ọn, ẹni tó kọ́kọ́ lò ó kì í pààrọ̀ ọ́ìlì nìyẹn. Iye máìlì tí òǹtajà bá sì pè, ẹnu lásán ni. Inú mọ́tò ni aago ìrìn wà, ẹ́ńjìnnì ò gbé e dání wá.

Ìdí nìyí táwọn mẹkáníìkì àgbà fi máa ń béèrè pé kí ló dé téèyàn ò tún tiẹ̀ ṣe. Àwọn tí ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin yóò wọn sílíńdà, wọ́n á gbẹ́ ẹ tàbí kí wọ́n ki sílíìfù bọ̀ ọ́, wọ́n á sì dán kíráǹkì. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ní kí wọ́n ṣáà ti ki rìǹgì tuntun bọ sílíńdà tó ti jẹ, èéfín ọ̀hún yóò padà wá, owó àjọ ti wọgbó nìyẹn.

Kì í ṣe ìrìn jíjìn ló ń pa ẹ́ńjìnnì. Irv Gordon, tíṣà ará Amẹ́ríkà, ra Volvo kan lọ́dún 1966. Nígbà tó di 2013, mọ́tò náà ti rin mílíọ̀nù 3 máìlì. Wọ́n tún ẹ́ńjìnnì rẹ̀ ṣe, wọn ò jù ú nù, bẹ́ẹ̀ ni bàbá náà kì í fi ọ́ìlì pípààrọ̀ ṣeré.

Bó bá jẹ́ tòkunbọ̀ náà lèèyàn mú, kó gba rìsíìtì, kó sì lọ yí nọ́ńbà ẹ́ńjìnnì inú ìwé ọkọ̀, kí ọlọ́pàá má baà dá a dúró. Lẹ́yìn náà, ọ́ìlì tó yẹ kó pààrọ̀ lónìí, kó má sọ ọ́ dọ̀la. Ọ̀la yẹn ló ń dá èèyàn padà sí Ládípọ̀.